“Ẹ jẹ́ kí bàbá sinmi”: ọ̀rọ̀ yìí ló ń ba ẹsẹ̀ ẹni tó ní Parkinson jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, níbi gbogbo tí wọ́n bá ti mẹ́nu ba Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó máa ń jẹ́ kí ara falẹ̀ kó sì gan, lẹ máa gbọ́ ọ, “àgbà ti dé, ẹ jẹ́ kí bàbá sinmi, ẹ má dà wọ́n láàmú.” Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́ o. Àwa náà sọ ọ́ nílé wa fún odindi ọdún kan, a fi bàbá mi sórí àga nínú pálọ̀, a ń gbé omi wá bá wọn, a ń bá wọn de bọ́tìnnì, a tún ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu. Kí ọdún yẹn tó parí, bàbá tó ń dá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí ò lè dìde mọ́ àfi téèyàn méjì bá fà wọ́n sókè. A ní àìsàn ló ń le sí i. Ó le sí i lóòótọ́, àmọ́ ìjókòó tá a fi wọ́n sí yẹn náà wà níbẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ téèyàn ò lò, ńṣe ló máa ń rọ.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ló wà nínú ọpọlọ tó ń ṣe kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní dopamine, òun ló ń jẹ́ ká lè ṣe àwọn nǹkan tá a kì í ronú sí, ká máa ju apá bá a ṣe ń rìn, ká ṣẹ́jú, ká rẹ́rìn-ín. Táwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn bá ti ń kú, ara á máa falẹ̀, á máa gan, ìṣísẹ̀ á kéré, ohùn á wálẹ̀, kódà lẹ́tà téèyàn ń kọ á máa kéré sí i. Ọwọ́ gbígbọ̀n tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, àwọn kan wà tí tiwọn ò gbọ̀n rárá. Kì í ṣe ogbó lásán, torí àwọn tí ò tíì pé ọdún 50 náà ń ní in, kò sì sẹ́ni tó sa nǹkan sí wọn. Ojú náà kì í rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ-ọmọ wa rò pé bàbá ń bínú sáwọn ni, wọn ò súnmọ́ wọn mọ́, ìyẹn dùn mí ju ọwọ́ gbígbọ̀n lọ.

Oògùn wà, levodopa, ó sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ dá a dúró lójijì torí ewu wà níbẹ̀. Àmọ́ oògùn nìkan ò lè dá agbára ẹsẹ̀ tó ti rọ padà. Ibi tí físíò, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n ń fi eré ìmárale ṣe, ti wọlé nìyẹn, wọn ò dá a sílẹ̀ fáwọn tó ní rọpárọsẹ̀ nìkan.

Bàbá mi máa ń dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà tó ti pálọ̀ bọ́ sí kọ́rídọ̀, ẹsẹ̀ á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa á wá máa fà wọ́n lọ́wọ́, “ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ,” bẹ́ẹ̀ fífà yẹn gan-an ló ń gbé èèyàn ṣubú, àyà á ti lọ síwájú, ẹsẹ̀ ò tíì kúrò nílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin físíò tó wá sọ fún wa ni pé ká yéé fà wọ́n. Ó mú téèpù funfun, ó ń gé e, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìlà-ìlà, láti inú pálọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà yẹn. Ó ní, “Bàbá, ẹ má wo ilẹ̀kùn, ẹ ṣáà máa gbé ẹsẹ̀ kọjá ìlà.” Ó ń kà á, ení, èjì, ẹ̀ta. Bàbá gbé ọ̀tún, wọ́n gbé òsì, wọ́n kọjá! Màmá mi pariwo. Ìrìn tá à ń rìn láìronú ni àìsàn yìí bà jẹ́, àmọ́ téèyàn bá ní ìlà tó ń wò tàbí ìlù tó ń gbọ́, ọpọlọ á gba ọ̀nà míì. Nílé wa báyìí àpàlà la fi ń rìn, ìlù ẹ̀ dúró dáadáa.

Ohùn náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní in kì í mọ̀ pé ohùn òun ti wálẹ̀, létí tiẹ̀, igbe ló ń ké. Ní Amẹ́ríkà wọ́n ṣe ètò kan tó ń jẹ́ LSVT LOUD, ọjọ́ 4 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, wákàtí kan lójúmọ́, iṣẹ́ ibẹ̀ ò ju kéèyàn kọ́ bó ṣe máa gbé ohùn sókè. Bàbá wa, ńṣe ni wọ́n ń jókòó ní pálọ̀ tí wọ́n ń pe orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn títí ẹni tó wà lẹ́yìnkùlé fi máa jẹ́ “sà!” Tí oúnjẹ bá tún ń há wọn lọ́fun, ẹ tètè sọ fún dókítà, àwọn tó ń tọ́jú ohùn yìí náà ló ń wo gbígbé oúnjẹ mì.

Ẹ wo ìgbà tí oògùn bá ti mú ara kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n máa rìn o. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé lẹ́yìn ẹran tàbí ẹ̀wà ni oògùn kì í ṣiṣẹ́ dáadáa, irọ́ kọ́, purotéènì máa ń bá levodopa du ọ̀nà, ẹ bi dókítà nípa lílò ó ní bí ìṣẹ́jú 30 ṣáájú oúnjẹ.

Àwọn kan á ní ṣé físíò máa wò ó sàn ni? Rárá, kò sóhun tó tíì wò ó sàn. Muhammad Ali náà, 1984 ni wọ́n sọ fún un pé ó ní in, síbẹ̀ 1996 ló dúró ní Atlanta tó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn tan iná Olympic.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, bàbá ní ká má bá àwọn de bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì mẹ́ta péré ni, ó gbà wọ́n tó ìṣẹ́jú 20. Màmá mi fẹ́ nawọ́, mo di ọwọ́ wọn mú. Gbogbo wa jókòó, a ń dúró dè wọ́n.