Àtúnṣe: Ọ̀rá ẹran kì í ṣe ìpápánu fún ajá kékeré

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn pé ọ̀rá ẹran kò lè pa ajá kékeré lára, bí kò bá ṣáà ti ní iyọ̀ àti ata. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rá gan-an ni ewu.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ajá tó wọn kìlógíráàmù 5 nílò nǹkan bíi kálórì 350 lóòjọ́. Ṣíbí ńlá kan ọ̀rá yíyọ́ ti tó 120, bí ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀! Irú àpọ̀jù bẹ́ẹ̀ lè mú kí pancreas (ẹ̀yà ara tó ń pèsè èròjà tó ń da oúnjẹ) wú, kí èròjà tó yẹ kó da oúnjẹ nínú ìfun wá máa da pancreas fúnra rẹ̀. Miniature Schnauzer, irú ajá kékeré kan, wà lára àwọn tó tètè máa ń ní àìsàn yìí.

Ìpápánu kò gbọdọ̀ kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá: kálórì 35 fún ajá yìí. Gíráàmù 20 ẹran àyà adìẹ sísè, láìsí awọ, ti tó. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ojú lásán máa ń tan èèyàn.

Bó bá ń bì léraléra, tó kọ oúnjẹ, tàbí tó tẹ àyà mọ́lẹ̀ tó gbé ìdí sókè, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an.