Ààrẹ kọ́ ló ń yan alága ìgbìmọ̀ Crescent

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní Ààrẹ ló ń yan alága ìgbìmọ̀ aláṣẹ Yunifásítì Crescent bó ṣe ń yan ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀. Rárá o. Àbẹ́òkúta kan náà ni méjèèjì wà lóòótọ́, FUNAAB lọ́nà Alábàtà, Crescent ní Láfẹ́nwá, ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ló ni FUNAAB. Adájọ́ Bọ́lá Ajíbọ́lá ló dá Crescent sílẹ̀ lọ́dún 2005. Ní yunifásítì aládàáni, òfin tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ló ń sọ bí wọn yóò ṣe yan ìgbìmọ̀, olùdásílẹ̀ ló sì sábà máa ń lóhùn jù níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ń bójú tó owó àti ìgbanisíṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ di ti sẹ́nétì, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n inú yunifásítì náà. NUC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ń fúnni níwèé àṣẹ, ó sì ń yẹ iṣẹ́ wọn wò, àmọ́ kì í bá wọn yan alága.