Ìgbì tó ń yára mì kọ́ ló ń rìn jìnnà jù

Ẹ̀yin olóòtú, ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé bí fíríkúẹ́ńsì ìgbì rédíò (iye ìgbà tó ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) bá ṣe ga tó ni yóò ṣe rìn jìnnà tó kò tọ̀nà. Ní òfuurufú tí kò sí afẹ́fẹ́, gbogbo wọn, títí kan ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí, ló ń sáré nǹkan bí 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Iye ìgbà tí wọ́n ń mì ló yàtọ̀. Ìgbì FM ti 100 MHz (tó ń mì ní ìgbà mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) kò gùn ju mítà 3 lọ láti orí ìmì kan sí èkejì, ti AM ní 1 MHz sì gùn tó mítà 300, òun ló sì mọ bí a ti ń tẹ̀ gba ara òkè kọjá. Ní Kàbà wa yìí tí òkè yí ká, rédíò oníbátìrì bàbá mi kì í gbé FM dáadáa àfi tí a bá gbé e gun àpáta ẹ̀yìnkùlé, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, AM láti Kàdúná á máa dún ketekete, nítorí pé lálẹ́ ni ìpele kan lójú ọ̀run máa ń dá ìgbì náà padà sílẹ̀ dáadáa. Ẹni tó sọ ṣáájú mi pé wáyà eriali gígùn ló ń fà á jàre díẹ̀, àmọ́ wáyà kan náà ló wà lórí igi máńgòrò wa lọ́sàn-án, Kàdúná kò sì dún.