Kò Sẹ́ni Tó Ń Gba Owó Orí Òjò Lọ́wọ́ Yín

Níbi ìkómọ kan ní Baltimore níbí lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan tún gbé e dé. Ṣíbí ìrẹsì wà lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, fóònù wà lọ́wọ́ òsì, wọ́n ń fi bíìlì omi wọn han gbogbo tábìlì: "Ẹ wò ó, wọ́n ń gba owó orí lórí òjò Ọlọ́run! Ṣé ìjọba ló ń rọ òjò ni?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ọ, ó ti sú mi.

Ọdún 2012 ni ìpínlẹ̀ Maryland, níbi tí Baltimore wà, ṣe òfin tó sọ ọ́ di dandan láti máa gba owó omi òjò, káńtì mẹ́sàn-án àti ìlú Baltimore ló kàn. Àwọn tí kò fẹ́ ẹ ló sọ ọ́ ní "rain tax", owó orí òjò. Larry Hogan, tó ń du ipò gómìnà Maryland, fi orúkọ yẹn polongo ìbò ní 2014, ó sì wọlé. Orúkọ tó dùn lẹ́nu ni, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wọ̀n òjò. Ilẹ̀ tí ẹ bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n: òrùlé, kọnkéré, ọ̀dà, gbogbo ibi tí omi ò ti lè wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bí òjò íńṣì kan bá rọ̀ sórí òrùlé tó fẹ̀ tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin (square feet), omi tó ń dà sílẹ̀ níbẹ̀ lé ní lítà 2,300. Ẹni tó bá fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 pọn ọ́n á ru bíi kẹ́ẹ̀gì 94. Koríko á mu nínú rẹ̀. Kọnkéré kì í mu ẹ̀kán. Ojú títì ló ń gbà bọ́ sínú gọ́tà, ní Baltimore kò sì sí pé wọ́n ń fọ̀ ọ́ kó tó dódò, tòun ti epo mọ́tò àti ìgbẹ́ ajá ni.

Mi ò kà á nínú ìwé. Ọdún méje ni mo ti gbé ilé mi tí béésìmẹ́ǹtì rẹ̀ gbẹ fúrúfúrú. Ọdún tí aládùúgbò mi da kọnkéré bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, kó lè ríbi gbé mọ́tò mẹ́ta sí, ni omi kọ́kọ́ wọlé. Mo sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan láti bu èlùbọ́. Èlùbọ́ tí ìyá mi fi ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ ti di àmàlà tí kò rí iná. Òjò kan náà ló rọ̀ sílé àwa méjèèjì. Omi tirẹ̀ ni mo fi báàkẹ́tì gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n wa dá mi lóhùn pé òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa, nítorí náà kí gbogbo ilé san iye kan náà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í gan-an nìyí. Ẹ wo Philadelphia. Kó tó di 2010, bí mítà omi yín bá ṣe tóbi sí ni wọ́n fi ń ṣírò owó omi òjò. Ó jọ pé ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Ibi ìgbọ́kọ̀sí kan wà, ó fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù, ọ̀dà bò ó láti igun dé igun. Kò ní ẹ̀rọ omi. Kò ní mítà. Kò san kọ́bọ̀. Ẹni tó ń lo omi púpọ̀ lábẹ́ òrùlé bíńtín ló ń san ti ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn mọ́ tara rẹ̀. July 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà fún àwọn ilé iṣẹ́, díẹ̀díẹ̀ fún ọdún mẹ́rin: ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà wá dá lórí ilẹ̀ tí kò mu omi, ìdá 20 tó kù dá lórí bí gbogbo ilẹ̀ ọ̀hún ṣe fẹ̀ tó.

Tiwa níbí ńkọ́? Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2013, ilé tí ilẹ̀ líle rẹ̀ ò ju 820 ẹsẹ̀ bàtà lọ ń san 40 dọ́là lọ́dún. Tó bá ju ìyẹn lọ títí dé 1,500, ó di 60. Tó bá tún ju bẹ́ẹ̀, 120. Ti àwọn oníṣòwò, 60 dọ́là ni lórí 1,050 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ibi ìgbọ́kọ̀sí tó bá jẹ́ 21,000 á san 1,200. Ṣé kí ìyá arúgbó tó ń gbé ilé tóóró san iye tí ìyẹn ń san ni?

Àwọn tí kò fẹ́ ẹ á ní owó orí ilé ti wà tẹ́lẹ̀. Iye tí ilé ń tà nìyẹn ń wò, kò wo kọnkéré. Wọ́n á ní wọ́n ti fagi lé owó omi òjò yìí ní 2015. Irọ́ ni, dandan tó wà nínú òfin náà ni wọ́n yọ kúrò. Ìlú tó bá wù ú lè máa gbà á.

Ó dáa, mo gbà pé ìpele mẹ́ta yẹn ò pé: onílé 830 àti onílé 1,490 ń san iye kan náà. Ìyẹn ni kí ẹ lọ bá ìjọba fà á, pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa sí i.

Mo wá bi ẹ̀gbọ́n léèrè bí ẹ̀yìnkùlé tiwọn ṣe rí. Wọ́n ní àwọn ti da kọnkéré bò ó, koríko gígé ti sú àwọn. Wọ́n tún bu ìrẹsì sí i.