Bọ́tìnnì Yẹpẹrẹ Ti Sọ Ìbòrí Ọkọ̀ Ojú Omi Mi Di Àkísà

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Ní oṣù kọkànlá ọdún tí ó kọjá ni mo rán ìbòrí kánfáàsì tuntun fún ọkọ̀ ojú omi tí mo fi ń kó èrò láti Ìkòròdú lọ sí Èbúté Èrò. Kánfáàsì náà nípọn, òwú tí oòrùn kì í tètè jẹ ni wọ́n fi rán an, wọ́n sì fi ike tí ó mọ́ gaara sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí èrò lè máa rí ìta. Kí òjò oṣù karùn-ún tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, 17 nínú bọ́tìnnì 40 tí ó dè é mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà pa, kánfáàsì sì ti ya yí wọn ká.

Bọ́tìnnì tí mò ń wí ni èyí tí a ń tẹ̀ mọ́ra títí yóò fi dún. Abo rẹ̀ wà lára kánfáàsì, sukurúù ni a sì fi de akọ rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Bí akọ bá ti dípẹtà, yóò wú, abo kò sì ní fẹ́ fi í sílẹ̀ mọ́. Èrò tí ó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ yóò gbá kánfáàsì mú, yóò fà á pẹ̀lú agbára, bọ́tìnnì kò ní ṣí, aṣọ tí mo fi owó gidi rà ni yóò ya.

Ọkùnrin tí ó tà wọ́n fún mi ní Muṣin, níbi tí àwọn tí ń rán báàgì àti bàtà ti ń ra ohun èlò, búra pé irin tí kì í dípẹtà ni gbogbo rẹ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í sábà lẹ̀ mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó yọ ọ̀kan lápò, ó gbé e lé orí bọ́tìnnì, kò lẹ̀ mọ́ ọn. "Bàbá, ṣé ẹ rí i báyìí?" Mo rí i, mo sì sanwó. Orí nìkan ni ó gbé e lé! Idẹ tí a kùn ní funfun ni orí náà, bẹ́ẹ̀ idẹ kì í sì í gba mágínẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí mo fi ẹ̀mú já ọ̀kan sí wẹ́wẹ́ ni mo tó rí i pé irin lásán ni akọ, irin lásán náà sì ni wáyà tí ó wà lẹ́nu abo.

Ẹnìkan tilẹ̀ sọ fún mi pé ọ̀sà ni omi wa, kì í ṣe òkun, nítorí náà kí n má da ara mi láàmú. Kí ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò nínú oṣù kejì, nígbà tí omi Odò Ògùn ti fà, tí omi òkun sì ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà èbúté. Irin tí kì í dípẹtà pàápàá kì í ṣe ọ̀kan náà: èyí tí wọ́n ń pè ní 304 a máa yọ àmì pupa lójú omi iyọ̀, 316 ni ó ń fara dà á.

Télọ̀ ní kí a fi sípù sí i. Mo ti lò ó rí: eyín ike rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n irin kékeré tí ń rìn lórí eyín náà jẹ tán láàárín ọdún kan. Ó tún mú àbá mìíràn wá, pé kí a lo bọ́tìnnì tí orí rẹ̀ ń yí bíi kọ́kọ́rọ́, èyí tí a ń fi ihò gbọọrọ wọ̀ kí a tó yí i dábùú. Lóòótọ́, atẹ́gùn kò lè ṣí i láéláé. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá dojú dé, tí èrò wà nínú ìbòrí, ta ni yóò máa wá orí bọ́tìnnì tí yóò yí nínú omi? Ohun tí mo fẹ́ ni èyí tí yóò di kánfáàsì mú nígbà ìjì, síbẹ̀ tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ọwọ́ tì láti inú, kí ó sì ṣí. Bọ́tìnnì àtẹ̀mọ́ra tí ó dára ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ti dípẹtà kò ṣe é, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi ju ti owó lọ.

Ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ni mo padà sí Muṣin. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ bẹ̀ mí. Ó ní ọjà ti tẹ́lẹ̀ ti tán, tuntun ti dé, ó sì tún na ọwọ́ sí àpò. Mo gba mágínẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé akọ ọ̀kan nínú tuntun yìí. Ó lẹ̀ mọ́ ọn gbágbá. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní mágínẹ́ẹ̀tì yẹn ni kò dára.

Mo ti ká ìbòrí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sókè báyìí. Òjò ń pa èrò, èmi ni wọ́n sì ń bú.