Ẹ yé é pariwo "deep sleep" sí mi létí

Àná ni bọ̀bọ́ kan tún wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Adó, ó ní òun ti kọ deep sleep (àṣẹ tó ń mú chip sùn kó má baà jẹ iná) sínú kóòdù ESP32 òun (chip kọ̀ǹpútà kékeré kan), pé bátìrì kan á gbé e fún ọdún kan gbáko. Ta ló ń pa irọ́ yìí fún yín gan-an?

Mo gbà, chip yẹn fúnra ẹ̀ tó bá sùn ò mu ju nǹkan bíi 0.01 mA lọ (mA la fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn). Ṣé chip nìkan lẹ rà ni? Bọ́ọ̀dù lẹ rà! AMS1117, ìyẹn regulator tó ń dín iná kù fún chip lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù yìí, òun nìkan ń jẹ tó 5 mA, chip sùn o, chip ò sùn o, kò kàn án. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: bátìrì 2500 mAh, ẹ fi 5 mA pín in, wákàtí 500 nìyẹn, kò tiẹ̀ pé ọjọ́ 21, a ò sì tíì ka LED pupa tó ń tàn bí ojú àjẹ́ yẹn mọ́ ọn.

Ojú mi ti rí i. Mo ṣe èyí tó ń wo bí omi ṣe gbóná sí fún àǹtí mi tó ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìkéré, kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi pè mí pé "ẹ̀rọ ẹ ti kú o", mo lọ pààrọ̀ bátìrì, ó tún kú, ojú tì mí. Ìgbà tí mo gbé mítà sí i, ohun tó ń sùn ń fa 6 mA!

Ni mo bá fi TPL5110 (taimà kékeré kan) àti MOSFET kékeré kan (switch tí taimà náà ń tàn tó sì ń pa) síwájú bọ́ọ̀dù náà. Taimà yẹn ò bẹ ẹnikẹ́ni kó sùn, ó ń gé iná pátápátá ni. Tí àkókò bá pé, ó lè tó wákàtí méjì, á ṣíná, bọ́ọ̀dù á ka omi, á fi ránṣẹ́, á fọwọ́ kan DONE (ẹsẹ̀ taimà tó ń gbọ́ pé iṣẹ́ ti parí), iná á tún lọ. Òun fúnra ẹ̀ ń mu nǹkan bíi 35 nA: ẹ pín 1 mA sọ́nà mílíọ̀nù kan, kẹ́ ẹ mú 35 níbẹ̀. (Ohun tó bá wà ní RAM á lọ o, flash, tí kì í gbàgbé tíná bá lọ, ni kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí.) Láti ọyẹ́ tó kọjá, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ẹ má sì torí ẹ̀ lọ ra NE555, taimà àtijọ́ yẹn o, òun náà ń mu tó 3 mA.

Ó dáa, tó bá jẹ́ ATmega328P (chip inú Arduino Uno) lásán lẹ so mọ́ bátìrì, tí ò sí regulator, tí ò sí LED, sleep lè tó.

Bọ̀bọ́ yẹn ò gbà sha. Mo yá a ní mítà kó lọ wọ̀n ọ́n nílé, títí di ìsinsìnyí kò gbé ipè mi.