Ẹ Yé Fi Iye Kan Náà Rú Wa Lójú

Ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì alábọ́tìnnì yìí ti sú mi! Ẹ dé ọjà, wọ́n so mẹ́ta kọ́ síwájú yín, iye kan náà, gbogbo wọn ń dán. Ẹ béèrè ìyàtọ̀, wọ́n ní, "Bùrọ̀dá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Irọ́ ni! Ọ̀kan jẹ́ òwú gidi tó ń fa òógùn mu, òmíràn jẹ́ pọlíẹ́sítà, aṣọ oníke tí yóò há ooru mọ́ èèyàn lára nínú oòrùn Èkó. Lébẹ́ẹ̀lì ọrùn rẹ̀ á sì tún pariwo "100% cotton". Ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ ṣáná sí i: òwú gidi á di eérú, á rùn bíi bébà tó jóná, pọlíẹ́sítà á yọ́, á wá dì gan-an bí ike. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́ kí ẹ ṣáná sí ọjà òun kí ẹ tó sanwó?

Kọ́là ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ló ń bí mi nínú jù. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ inú rẹ̀ tú, ó wú níbí, ó fún lọ́hùn-ún, áyọ́ọ̀nù ò sì lè tún un ṣe mọ́. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ irú aṣọ tó jẹ́ fún wa ká tó yọ owó.